Kí A Tó Béèrè fún Dírípù

Bí ọmọ yín bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru tí ó sì ń bì, kí ni ẹ óò kọ́kọ́ béèrè fún ní ilé ìwòsàn? Dírípù ni èmi béèrè fún. Ní ọdún 2022 ni, nígbà tí odò Ọya àti Benue kún bo àwọn àdúgbò bíi Adankolo àti Ganaja ní Lọ́kọ́ja wa níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní 2012. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, yàgbẹ́ mọ́jú. Kété tí a kírun Àsúbáà tán ni mo gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀, ìyá àgbà kan, kò tilẹ̀ wo ibi tí dírípù wà. Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ náà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń wo bí ó ṣe ń padà sípò. Ó wò bóyá ojú rẹ̀ ti jìn, bóyá omijé ń bá ẹkún rẹ̀ jáde. Ó tẹ èékánná rẹ̀ títí ó fi funfun, ó ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe padà síbẹ̀. Ó bi mí nígbà tí ó tọ̀ kẹ́yìn. N kò mọ̀. Mo fi ohùn tí n kì í lò fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pàápàá sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, Alfa. Ó ṣì lè mu. Bí kò bá lè mu mọ́, tí awọ rẹ̀ sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kí ó tó padà, èmi gan-an ni n óò sáré fa omi sí i."

Ó gbé e sórí ìwọ̀n: kílò 12. Mílílítà 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 900, ni kí ó mu nínú omi ORS láàárín wákàtí mẹ́rin. Bí ó bá bì, kí n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa ìwádìí FEAST, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, lórí àwọn ọmọ tó lé ní 3,000 tí ibà líle ń bá jà ní Uganda, Kenya àti Tanzania. (Wọn kò fi àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe kún un.) Láàárín wákàtí 48, ó lé ní 10 nínú 100 àwọn tí wọ́n sáré da omi púpọ̀ sí níṣan tí ó kú, nínú àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún, nǹkan bí 7 ni. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà á.

Ṣíbí ni mo fi ń fún un lómi, mo sì ń kà á. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Ìrun Àílà wọlé, ara mi gbóná lójijì: ó ti tọ̀ sí mi láṣọ. Ìyá náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.