Ọ̀pá Orúnkún Méjì

Ní ìlú Nashville, ní Amẹ́ríkà, àgbà kan wà tí a jọ ń sìn nínú ìjọ kan. Nígbà tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ kò gbà fún un mọ́, ó fi ògbólógbòó gìtá onípẹ́dàlì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo ti fẹ́ràn irú gìtá bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́ bí Adémọ́lá Adépọ̀jù ti ń mú un sọkún nínú orin jùjú Sunny Adé. Ṣùgbọ́n àgbà náà kìlọ̀ fún mi pé, “Ọmọ mi, má ṣe dá ihò kankan sí i lára.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gìtá yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbé kọ́ èjìká. Orí ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ó dúró lé bí tábìlì, okùn mẹ́wàá sì ni ó wà lórí rẹ̀. Bí a bá ta do, mi àti so, tí a sì tẹ pẹ́dàlì méjì, mi yóò di fa, so yóò di la, ṣùgbọ́n do kì yóò kúrò ní ipò rẹ̀. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, “Àmín” ìparí orin ìsìn ni a ó gbọ́ gẹ́lẹ́.

Ọ̀pá orúnkún kan ṣoṣo ni tèmi ní, bẹ́ẹ̀ ni ti òde òní a máa ní mẹ́rin tàbí márùn-ún. Mo fẹ́ fi méjì kún un: ọ̀kan tí yóò sọ do di ti, àti èkejì tí yóò gbé do gòkè ní ààbọ̀ ohùn. Mo ti gbé irin ìlu-ihò lé igi náà lórí kí n tó rántí ìkìlọ̀ àgbà. Ojú tì mí. Mo dojú gìtá dé, mo sì rí ihò síkúrù àtijọ́ mẹ́rin tí kò níṣẹ́ mọ́. Àwọn ni mo fi de pẹlẹbẹ irin kan mọ́ abẹ́ rẹ̀, tí mo sì so àwọn ọ̀pá náà kọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ìkánjú mú mi. Mo fi orúnkún ti ọ̀pá, do di ti dáradára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú u sílẹ̀, kò padà dé do mọ́. Ohùn wọ́, àwọn akọrin sì wò mí. Lẹ́yìn ìsìn, àgbà náà wí fún mi pé, “O kọ́ okùn náà bí yóò ti lọ, o kò kọ́ ọ bí yóò ti padà.” Òtítọ́ ni: sípíríǹgì tí í fà á padà ti dẹ̀ jù. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ń fún un díẹ̀díẹ̀, tí mo ń tẹ́tí, kí ó tó tọ́.

Nígbà tí mo tún lù ú, àgbà náà kò sọ̀rọ̀. Ó kan na ọwọ́ rẹ̀ sí abẹ́ gìtá, ó fi ìka wá ihò tuntun kiri, kò rí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.