Ọ̀pá Ìbọn Bàbá Wa

Ìbọn ṣakabùlà tí bàbá wa fi ṣọdẹ ní Kambolé kò ṣeé yìn mọ́: ìpẹtà ti jẹ ọ̀pá rẹ̀ láti inú. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà. Àfi kí àgbẹ̀dẹ rọ òmíràn. Alágbẹ̀dẹ kan ní Tchamba ní òun yóò fi páìpù omi ṣe é, kí a lè yìn ín níbi ìsìnkú àṣekágbá bàbá. Ẹ̀gbọ́n wa gbà.

Ọkàn àwa yòókù kò balẹ̀. A gbé páìpù náà lọ sí Sokodé, sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. (Bassar kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá ti ń yọ́ irin fúnra wọn kí irin Yúróòpù tó pa iná ìléru wọn.) Ó fi èékánná tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù náà pọ̀.

“Omi ni wọ́n ṣe eléyìí fún, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀tù yóò là á níbí, yóò sì fọ́ ojú ẹni tó yìn ín.”

Kò gba owó lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n kò bá wa sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ ìsìnkú. Àwọn ọdẹ ìlú yin tiwọn. A tẹ́ ti bàbá sórí ẹní, láìsí ẹ̀tù nínú rẹ̀.