Ohun Tó Ń Gbé Lábẹ́ Ọ̀sà Èkó

Oṣù Èrèlé ni, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, nígbà tí mo bá àwọn olùwádìí wọ ọkọ̀ ojú omi ní Akọka. Àwọn ẹran tíntìntín tó ń gbé nínú ilẹ̀ abẹ́ ọ̀sà ni wọ́n ń wá.

Òkóbàbà la kọ́kọ́ dúró sí, níbi tí wọ́n ti la pákó fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹrẹ̀ dúdú ni irin tí wọ́n fi ń bu ilẹ̀ gbé wá sókè, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ìyẹ̀fun igi tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ń gba atẹ́gùn inú omi tán. Wọ́n da ẹrẹ̀ náà sórí asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò ju ìdajì mìlímítà lọ, wọ́n sì fomi ṣàn án. Aràn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan ló kù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Capitella, tó ń rọ́jú gbé níbi tí ọ̀pọ̀ ẹran mìíràn kò ti lè mí.

A gba abẹ́ afárá Third Mainland lọ sí apá ibi tí òkun ń gbà wọlé. Omi ń sáré níbẹ̀, ó ń gbá ẹrẹ̀ lọ, iyanrìn ló ń kù, atẹ́gùn sì ń ráyè wọ àárín hóró rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìkarahun wẹ́wẹ́, akàn kéékèèké àti oríṣiríṣi aràn ló kù lórí asẹ́.

Bàbá tó ń tukọ̀ bu omi tọ́ wò. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, iyọ̀ ti dé. Tó bá di oṣù Agẹmọ, kò ní sí mọ́." Òótọ́ ni. Lẹ́ẹ̀rùn, odò Ògùn àti Ọ̀ṣun á fà, òkun á wọlé. Lójò, àgbàrá á lé e padà. Ẹran tí kò lè fara da ìyípadà yìí á kú tàbí kó dín kù, àmọ́ ìṣáwùrù onísóńsó inú ẹrẹ̀ ń fara dà á.

Iyọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn ẹran náà sì ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òjò tó ń wá kó ìyẹ̀fun igi lọ, kò sì sí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń dí kòtò tí àwọn tó ń wa iyanrìn ń gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Ẹja lè lúwẹ̀ẹ́ kúrò. Aràn inú ẹrẹ̀ kò ríbi sá sí, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹja àti akàn ń jẹ. Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹja ọ̀sà lọ́bẹ̀, kó kọ́kọ́ bá wa dáàbò bo ilẹ̀ abẹ́ ọ̀sà náà.