Ọkọ̀ Tí Kì Í Dáhùn

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kan ni mo gbé wá ní oṣù yìí. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu pé abala àwọn obìnrin ni mo gbé e wá sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2009, mo lọ bá ọmọbìnrin mi tọ́jú ìkókó rẹ̀ ní ìlú Sacramento, ní California ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kan, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Oakland. Nígbà tí ọkọ̀ gun afárá tí ó wà láàrin Benicia àti Martinez, mo bojú wo òde, mo sì rí àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ọ̀sà, tí wọ́n ti dípẹtà. Ohun kan wà láàrin wọn tí kò jọ ọkọ̀ rárá: ó ga, ó gùn, ògiri yí i ká, òrùlé sì bò ó, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé ilé tí a ń kó kòkó sí ní Oǹdó wá sórí omi. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí sọ tẹnu wọn. Ọkùnrin kan ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni; obìnrin kan ní ibẹ̀ ni ìjọba ń kó ìdọ̀tí olóró pamọ́ sí. Ọkọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ dúdú kan ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ kí ọ̀tá má baà rí i. Èmi kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n sì sùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ kọ sílẹ̀.

Ilé orí omi náà ti bá wọn pa irọ́ kan kí ọkọ̀ dúdú yìí tó dé inú rẹ̀. Ní ọdún 1968, ọkọ̀ abẹ́ omi kan ti ìjọba Soviet rì sínú òkun Pàsífíìkì. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà fẹ́ fà á jáde ní bòńkẹ́lẹ́, wọ́n sì to ọwọ́ irin ràgàjì kan, tí ó ní ìka bí ti akàn, pọ̀ nínú ilé náà. Wọ́n wá sọ fún aráyé pé Howard Hughes, olówó tabua nì, ni ó fẹ́ máa wa òkúta manganese ní ìsàlẹ̀ òkun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́. Ní ọdún 1974 ni wọ́n lọ fa ọkọ̀ náà, apá kan rẹ̀ péré ni ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1975, àwọn ìwé ìròyìn tú àṣírí.

Abẹ́ òrùlé yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Lockheed ti kọ́ ọkọ̀ dúdú náà fún àwọn ológun ojú omi ní Redwood City, lẹ́bàá San Francisco, kí ó tó di ọdún 1986. Sea Shadow ni wọ́n pè é, ìyẹn ni Òjìji Òkun. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 164, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 68. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, ó sì fi ẹsẹ̀ méjì dúró sínú omi. Bí ènìyàn bá kígbe lẹ́bàá òkè, gbohùngbohùn yóò dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ rédà ń ké sí ohun tí ó wà lókèèrè, èsì tí ó bá padà ni ó sì fi ń mọ ibi tí nǹkan wà. Ọkọ̀ yìí kì í dáhùn. Ara rẹ̀ tí ó dà a máa ta igbe náà dànù sí ibòmíràn. Ben Rich, tí ó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìkọ̀kọ̀ Lockheed, ròyìn nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1994 pé kámẹ́rà Polaroid kan ni ó la ojú wọn. Ìró ni kámẹ́rà náà fi ń wá ohun tí ó fẹ́ yà. Nígbà tí ayàwòrán wọn sì fẹ́ ya àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú ìkọ̀kọ̀ kan, àwòrán kò já gaara, nítorí ìró kò padà. Ó tún ròyìn ohun kan tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ìgbì òkun fúnra rẹ̀ a máa dá rédà lóhùn, ọkọ̀ náà sì dákẹ́ jù ú lọ, débi pé ibi tí ó bá wà a dà bí ihò nínú omi. Ẹni tí ó bá panu mọ́ gbáà láàrin ọjà, ṣé kò ní í fu ni lára?

Níwọ̀n bí abala tiwa ni a wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi ìdáná. Ibùsùn 12, ààrò kékeré kan tí a fi ń mú oúnjẹ gbóná, fìríìjì kan àti tábìlì kan ni gbogbo ohun ìtura inú ọkọ̀ ńlá yìí. Òru ni wọ́n ń gbé e jáde lẹ́bàá erékùṣù Santa Cruz láti dán an wò. Ní ọdún 1993 ni ìjọba tó fi í han aráyé. Kò jagun rí. Wọ́n wá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí yóò gbà á títí, wọn kò rí, wọ́n sì tà á fún àwọn tí yóò tú u palẹ̀ ní ọdún 2012.

Àwọn tí ó kọ́ ọ ni ọkàn mi dúró lé. Wọ́n ní aya nílé, wọ́n sì ti búra pé àwọn kò ní í sọ iṣẹ́ àwọn fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí ó jáde lóru tí kò lè sọ ibi tí ó ti ń bọ̀, kí ni àdúgbò yóò pè é? Ohun tí èrò ọkọ̀ ojú irin rò nípa ilé orí omi kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ènìyàn ń rò nípa ọkọ ẹlòmíràn.

Nǹkan wà tí ó burú ju ọ̀rọ̀ àdúgbò lọ. Ní aginjù Nevada, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń dán àwọn ọkọ̀ òfuurufú ìkọ̀kọ̀ wò, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní èéfín ìdọ̀tí olóró tí wọ́n ń sun nínú kòtò ti ba awọ ara àti èémí àwọn jẹ́. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ ní ọdún 1994. Opó wà lára àwọn olùpẹjọ́. Ìjọba ní àṣírí ìlú ni orúkọ ohun tí a sun. Ní ọdún 1995, Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí ìwé tí ó yọ ibẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin tí ìbá mú kí wọ́n sọ ọ́, ilé ẹjọ́ sì da ẹjọ́ náà nù. Obìnrin a máa fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó wà lára aṣọ náà. Èmi kò lè pe èyí ní ìdáàbòbò ìlú.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ọkọ mi wà lára àwọn tí ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Lọ́dọọdún, wọn a kó wọn lọ sí ibi kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì ti mú wọn búra kí wọ́n má sọ ibẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò ní ó ti gbé ìyàwó mìíràn sí Abẹ́òkúta. Ọ̀kan tilẹ̀ júwe òpópónà ilé ìyàwó náà fún mi! N kò bá wọn lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi lálẹ́, mo ní, “Olówó orí mi, ẹ ti búra, n kò ní í bi yín léèrè iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣàìsàn lóru, ta ni n ó ké sí? Ọjọ́ wo ni ẹ ó padà? Bí ara yín kò bá sì yá nítorí iṣẹ́ náà, ta ni yóò sọ ohun tí ó ṣe yín fún dókítà?” Ojú mi ni pé iṣẹ́ nìkan ni ìbúra ibi iṣẹ́ bò, kò bo ìlera ọkùnrin, kò sì bo ọjọ́ ìpadàbọ̀ rẹ̀. (Àwọn ọkọ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ní àṣírí kankan, tí wọ́n ń pa owó oṣù mọ́ bí ẹni pé ìjọba ni ó mú wọn búra. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi rò ó. Ó wá mú orúkọ àgbàlagbà kan níbi iṣẹ́ wọn wá fún mi, ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ó ní ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀, kí n ránṣẹ́ sí i. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ara àkọ́bí wa gbóná, gìrì sì gbé e. Mo gbé e dé ilé ìwòsàn, mo sì rán àbúrò mi sí bàbá náà. Bàbá náà kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ méjì. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ mi ti wọlé tọ̀ wá, tàdáwà ṣì wà ní ìka rẹ̀. Kò sọ ibi tí ó ti ń bọ̀, n kò sì bi í. Ó ní kí n gbé ọmọ fún òun, kí n lọ wá nǹkan jẹ.