Abẹ Bàbá, Ọwọ́ Ọmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gba ara wọn níyànjú pé kí olúkúlùkù dúró ti iṣẹ́ tí ó mọ̀, kí ó sì san owó fún ẹni tí ó mọ ìyókù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ẹni tí ó yẹ kí ó pọ́n ọ̀bẹ ọ̀hún nígbà tí ojú rẹ̀ bá kú. Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ ọkùnrin kan ní ìlú Ìbàdàn, ní ọdún kẹta tí bàbá rẹ̀ papò dà.

Lára ohun tí bàbá náà fi sílẹ̀ ni abẹ ìfárùngbọ̀n kan, irú èyí tí a máa ń ká ojú rẹ̀ wọ inú èkù. Orúkọ ìlú Sheffield ni wọ́n kọ sí ara irin rẹ̀. Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Solingen ní Jámánì wà lára àwọn ìlú tí òkìkí wọn kàn jù lọ nípa irú abẹ bẹ́ẹ̀, kí abẹ fẹ́lẹ́ tí a ń lò tí a ń sọ nù tó gba ìgboro. Ọdún 1904 ni King C. Gillette gba ìwé àṣẹ lórí abẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Díẹ̀díẹ̀ ni pípọ́n abẹ di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò mọ̀ mọ́.

Nígbà tí ìrántí ọdún kẹta kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ náà pinnu pé abẹ bàbá òun ni òun yóò fi fá irùngbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kàkà kí abẹ gé irun, ńṣe ni ó ń fà á tu. Ó mú òkúta tí ìyàwó rẹ̀ fi ń pọ́n ọ̀bẹ ìdáná, ó gbé ẹ̀yìn abẹ sókè bí a ti ń ṣe sí ọ̀bẹ, ó sì ń ha á lọ, ó ń ha á bọ̀. Kí ó tó dáwọ́ dúró, ojú abẹ ti ṣẹ́ ní ibi kékeré kan. Ẹ̀rù bà á. Irin tí òkúta bá ti jẹ kì í padà mọ́. Ogójì ọdún ni bàbá fi lo abẹ yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ọmọ fẹ́ fi bà á jẹ́.

Ó gbé e tọ àgbà onígbàjámọ̀ kan lọ nítòsí Ọjà Ọba.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.”

“O káàbọ̀, ọmọ mi. Ta ló ṣe abẹ yìí báyìí?”

“Èmi ni, bàbá. Ẹ má bínú.”

“Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀. Abẹ ni kí o bẹ̀.”

₦3,000 ni bàbá náà dá lé e. Lójú ọkùnrin náà, owó ọ̀hún pọ̀, nítorí yóò ra abẹ fẹ́lẹ́ tí ènìyàn yóò lò fún ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀ ó san án, ó sì jókòó wò.

Ó rí i pé pẹrẹsẹ ni àgbà náà tẹ́ abẹ sórí òkúta tútù, tí ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ fara kàn án. Ẹni tí ó rọ abẹ ti ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn níwọ̀n tí ojú yóò fi jókòó bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀yìn sókè ti ba iṣẹ́ onírin jẹ́. Lórí òkúta, ojú abẹ ni ó ń ṣíwájú. Lórí awọ tí a fi ń nù ún, ẹ̀yìn ni ó ń ṣíwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gé awọ náà. Nígbà tí a bá sì fẹ́ yí i padà, orí ẹ̀yìn ni a ó ti yí i. Lẹ́yìn èyí, àgbà náà gbé abẹ sí ìmọ́lẹ̀: ojú tí ó kú a máa dán bí okùn òwú funfun, ṣùgbọ́n èyí tí ó mú kì í dán rárá.

Ní ọjọ́ ìrántí, abẹ náà kọjá lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìfà, láìta. Ìgbà náà ni ó mọ ohun tí ó fi owó rà. Ẹni tí kò bá tíì lo abẹ tó mú rí, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí tirẹ̀ mú?

Lẹ́yìn náà ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó ra abẹ àlòkù kan, kí ti bàbá rẹ̀ má baà di ohun ìkọ́ṣẹ́. Ó ra òkúta méjì, ọ̀kan nọ́ńbà 1,000, èkejì nọ́ńbà 8,000. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni òkúta ń kúnná. Owó òkúta méjèèjì ju ohun tí onígbàjámọ̀ yóò gbà fún ọdún mélòó kan lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní torí àtifi owó pamọ́ ni òun fi ń kọ́ ọ, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Ohun tí ó jèrè ni ọwọ́ tí ó mọ ìgbà tó yẹ kí ó dúró, àti etí tí ó ń gbọ́ ọ bí abẹ bá jókòó dáadáa lórí òkúta.

Fífi awọ nu abẹ kí a tó fárùngbọ̀n, dandan ni kí oníabẹ mọ èyí. Ti òkúta kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹni tí kò bá ráyè lè san owó, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ènìyàn bá ń san owó, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, ta ni a ó san án fún lọ́la? Kílípà àti abẹ fẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀ ń lò báyìí. Ìdí pàtàkì sì wà fún un, nítorí abẹ kan náà tí ó ń ti orí dé orí lè gbé kòkòrò HIV àti ti hepatitis B kiri. Ìyípadà náà dára fún ìlera; àwọn tí ó mọ abẹ pọ́n ni ó ń dín kù.

Ní ọdún kejì, ọkùnrin náà mú abẹ bàbá rẹ̀, tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọ́n, lọ fi han àgbà náà. Bàbá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó tún gbé e súnmọ́ ojú. Kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fi ìka kàn án jẹ́jẹ́. Kò yìn ín, kò sì bú u. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú abẹ tirẹ̀ jáde.

“Bá mi pọ́n èyí, ọmọ mi. Èló lo máa gbà?”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Kò mọ iye tí yóò pè.

“₦3,000 ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ,” ni bàbá wí. “Iṣẹ́ kan náà ni.”

Ó gba owó náà, ó bu omi sí òkúta. Lóòótọ́, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀; ẹlòmíràn ni yóò bá a gbẹ́ ẹ, ẹlòmíràn náà sì gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ.