Ògiri Tí Ó Lanu

Eré ìtàn ni Dungeons & Dragons tí a gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974; mo wà lára àwọn tí ń darí rẹ̀. Nínú The Keep on the Borderlands tí Gary Gygax kọ fún un, àwọn iwin a máa fi owó wúrà 250 bẹ òmìrán kan lọ́wẹ̀ ogun. Bí ẹlòmíràn bá fi owó tí ó ju ìyẹn lọ hàn án, ó lè kẹ̀yìn sí wọn.

Kí idà tó kúrò nínú àkọ̀, mo gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ àti ẹni tí ó ń bẹ̀rù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Aṣeré tí ó gbójú lé idà nìkan yóò kú sínú ihò.