Ọ̀pá Bàbá Mi

Ẹni tí ó bá mọ Ìpakodò ní ẹ̀bá Ìkòròdú yóò mọ̀ pé ẹnu ọ̀sà ni ilé wa wà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni ó ń kó èrò láti ibẹ̀ lọ sí Èkó lóde òní, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni bàbá mi, tí í ṣe apẹja, fi ń ti ọkọ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ méjì ni ó ní tẹ́lẹ̀. Ọdún tí mo wọ yunifásítì láti kọ́ físíìsì ni ó ta ọ̀kan. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi ni ó yọ́ ọ sọ fún mi.

Nígbà tí mo dé fún ìsinmi àkọ́kọ́, bàbá mi béèrè ohun tí a ń kọ́ wa. Mo dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀ pé, "Bàbá, omi, ẹja, àwọ̀n, èmi àti ẹ̀yin, átọ̀mù ni gbogbo wa."

"Ìwọ rí i rí?"

"N kò rí i, Bàbá."

"Olùkọ́ yín ńkọ́?"

Mo ní òun náà kò fi ojú rí i. Bàbá mi wo ìdí èèkàn tí a ń so ọkọ̀ kejì mọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì fọhùn mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbá nà mí ní pàṣán, ìbá sàn fún mi.

Ní òru ọjọ́ náà mo bá a lọ sí odò. Òkùnkùn ṣú biribiri. Ó ń ki ọ̀pá bọ omi, ọ̀pá ń rì wọnú ẹrẹ̀. Lójijì ó gbá nǹkan, ó sì ta padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kíá ni ó yí ọkọ̀. Ó ní, "Òpó ni. Àwọn apẹja ni ó rì í síbẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ rí i ni?"

Ó dákẹ́. Ìgbà náà ni mo rí àyè sọ tèmi. Mo ní ní ọdún 1897, ní Cambridge, J. J. Thomson rí i pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà nínú átọ̀mù, ó sì rò pé wọ́n fọ́n káàkiri inú rẹ̀ bí edé inú mọ́ínmọ́ín. Ní 1909, ní Manchester, Geiger àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Marsden, lábẹ́ ọ̀gá wọn Rutherford, ń ta àwọn ẹyọ wínníwínní tí à ń pè ní álífà lu góòlù tí a lù títí ó fi fẹ́lẹ́. Bí átọ̀mù bá rí bí mọ́ínmọ́ín, gbogbo álífà ni ìbá là á kọjá bí ọ̀pá ti ń la ẹrẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ta padà sẹ́yìn. Ní 1911 Rutherford kéde pé òpó wà nínú ẹrẹ̀: kóró kan wà láàárín átọ̀mù, ó le, ó wúwo, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fífẹ̀ átọ̀mù góòlù fi tó ìlọ́po 20,000 ti kóró rẹ̀. Ti Chadwick, tí ó rí níútírọ́ọ̀nù nínú kóró náà ní 1932, n kò dé ibẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo sọ ti Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ kan wà ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ń ta irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ lu nǹkan, tí a fi ń mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nípa bí ẹyọ ti ń ta padà.

Bàbá mi béèrè pé, "Àwọn òyìnbó yẹn, níbo ni wọ́n jókòó sí?"

Mo ní inú yàrá tí ó ṣókùnkùn ni, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ bíńtín tí álífà ń tàn bí ó bá kan awo ìwòran ni wọ́n ń fi ojú kà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àṣé òru ni iṣẹ́ tiwọn náà," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó na ọ̀pá sí mi, ó ní kí n máa ti ọkọ̀ lọ sílé.